Ọkọ̀ Dírágónì ní Vancouver: Ìtàn Ẹgbẹ́ Abreast In A Boat

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ní oṣù Kejì ọdún 1996, ní ìlú Vancouver ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, obìnrin 24 kó ara wọn jọ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ dírágónì, ọkọ̀ ìdíje gígùn ti ilẹ̀ Ṣáínà. Gbogbo wọn pátá ni jẹjẹrẹ ọyàn ti bá jà rí. Àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ẹni ọdún 31, àgbà wọn jẹ́ ẹni ọdún 62. Láyé ìgbà yẹn, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún obìnrin tó bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn ni pé kó má gbé ẹrù wúwo mọ́, kó má sì fi apá ṣe iṣẹ́ agbára tó jẹ́ àṣetúnṣe, kí apá náà má baà wú. Ọkọ̀ títù sì rèé, iṣẹ́ agbára àṣetúnṣe ni látòkè délẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ìtàn ẹgbẹ́ wọn, Abreast In A Boat, bí ìtàn ìgboyà. N kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgboyà nìkan kò tó láti yí ọkàn oníṣègùn padà. Ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, bó ṣe gùn tó, bí wọ́n ṣe ń jókòó nínú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fa omi, ló sọ ìgboyà wọn di ohun tó ṣeé wọ̀n. Nítorí náà, mo máa pẹ́ lórí ọkọ̀ náà lónìí.

Ọ̀rọ̀ apá wíwú ni ká kọ́kọ́ yanjú. Nínú abíyá èèyàn, àwọn kókó kéékèèké kan wà tí omi ara máa ń gbà kọjá bó ṣe ń ti apá padà sí àyà. Omi yìí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ọkàn tó ń tì í bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀. Iṣan tó ń fún tó tún ń tú ló ń ràn án lọ́wọ́ láti lọ. Bí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn, ó lè yọ púpọ̀ nínú àwọn kókó yẹn. Ìtọ́jú onítànṣán tún lè mú kí ara ibẹ̀ le. Ọ̀nà omi á wá dín kù. Bí omi bá ti ju ohun tí ọ̀nà tó ṣẹ́kù lè gbà lọ, apá á wú, á wúwo, awọ rẹ̀ á sì máa le díẹ̀díẹ̀. Lymphoedema ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó lè yọjú láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé. Ẹni tó bá ti dé sí lára, ńṣe ló máa ń tọ́jú rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Kì í sábà lọ pátápátá.

Àwọn tó ní kí obìnrin má fi apá ṣiṣẹ́ ní ìdí wọn. Iṣẹ́ agbára máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rọ́ wá sí apá, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì pọ̀ sí i á mú kí omi ara pọ̀ sí i. Àlàyé tó dára ni, àfi pé wọn kò tí ì dán an wò. Don McKenzie, oníṣègùn eré ìdárayá ní Yunifásítì British Columbia, yí ìbéèrè náà po: bó bá jẹ́ pé iṣan ni ẹ̀rọ tó ń fa omi yìí, kí ló dé tí a fi ní kí ẹ̀rọ náà dákẹ́?

Ó wá ń wá iṣẹ́ tó máa fi dán an wò. Iṣẹ́ náà ní láti le, ó ní láti jẹ́ ti apá àti àyà, ó sì ní láti jẹ́ àṣetúnṣe, káwọn tó ń bẹ̀rù má baà sọ lẹ́yìn náà pé fẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣe é. Síbẹ̀, kò gbọdọ̀ máa kó ìwúwo ara lé orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo obìnrin náà ló jẹ́ eléré ìdárayá. Ọkọ̀ dírágónì kún ojú òṣùwọ̀n yẹn. Ó sì ti wà nínú ìlú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Báwo ló ṣe dé Vancouver? Láti ilẹ̀ Ṣáínà ni, níbi tí wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ yìí díje láti ohun tó ju 2,000 ọdún lọ. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ jù ni ti Qu Yuan, akéwì àti ìjòyè ìjọba Chu, tó bẹ́ sínú odò Miluo ní nǹkan bí ọdún 278 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ní àwọn apẹja fò wọ ọkọ̀ láti lọ wá a, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n sì ń ju ìrẹsì sómi kí ẹja má baà jẹ òkú rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá ni ọdún rẹ̀, Duanwu ni wọ́n ń pè é, UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2009. Ní àwọn abúlé kan ní gúúsù Ṣáínà, èèwọ̀ ni kí obìnrin fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ẹ wá wo ẹni tí ọkọ̀ ọ̀hún padà sọ di olókìkí káàkiri ayé.

Ní 1976, Hong Kong pe ìdíje kan tí ikọ̀ láti òkè òkun bá wọn kópa nínú rẹ̀. Àwọn ará Nagasaki ní Jàpáàn ló wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ìgbà tí ọkọ̀ dírágónì kúrò ní ọ̀rọ̀ ọdún ìbílẹ̀ nìkan tó sì di eré ìdárayá àgbáyé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, nígbà tí Vancouver gba àwọn àlejò ayé fún Expo 86, ọkọ̀ tí wọ́n fi igi tíìkì kàn ní Hong Kong gúnlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1989, ìlú náà ti ní àjọ̀dún ọkọ̀ dírágónì tirẹ̀ lórí False Creek, apá òkun tóóró kan tó wọ àárín ìlú. Àjọ àgbáyé fún eré náà, IDBF, dá sílẹ̀ ní 1991, ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ rẹ̀ sì wáyé ní Yueyang ní Ṣáínà ní 1995. Nípa bẹ́ẹ̀, ní 1996, ọkọ̀ wà lómi, àwọn tó mọ̀ ọ́n tù wà nílùú, ọjọ́ ìdíje sì wà lórí kàlẹ́ńdà. Èèyàn ló kù.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ inú ọkọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò fún ìdíje lónìí gùn tó mítà 12.4, láì ka orí àti ìrù dírágónì tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju mítà 1.16 lọ, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 250 kílò. Fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Àwọn onígi tíìkì àtijọ́ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjókòó 10 ló wà nínú rẹ̀, èèyàn méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn atukọ̀ 20. Onílù jókòó síwájú, ó kọjú sí wọn. Olùtọ́kọ̀ dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn kan tó ń fi yí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wọn 65 kílò, èèyàn 22 jẹ́ 1,430 kílò. Ẹ fi ti ọkọ̀ kún un, ó di 1,680. Kò sí apá ẹnì kan tó lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nínú ọkọ̀ yìí, òwe yẹn ti kúrò ní òwe, ìṣirò ni.

Ọkọ̀ tó gùn tó sì tóóró báyìí a máa fì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn àwọn èèyàn kí wọ́n tó tò wọ́n. Ẹni méjì tó bá jókòó lórí ìjókòó kan gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ní ìwúwo àti ní gíga. Ìjókòó mẹ́ta iwájú wà fún àwọn tí ọwọ́ wọn kì í yẹ̀, torí wọ́n ló ń fi ìwọ̀n ìṣísẹ̀ lélẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀. Àárín ló fẹ̀ jù, ibẹ̀ ni àwọn tó tóbi tó sì lágbára máa ń wà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fa omi tí àjẹ̀ àwọn ará iwájú ti dà rú, iṣẹ́ wọn sì le ju bí àwọn tó ń wòran ṣe rò lọ: omi ibẹ̀ ti ń sáré, àjẹ̀ tó bá pẹ́ wọ inú rẹ̀ kò ní rí nǹkan dì mú. Bí olùkọ́ni bá ní kí ẹnì kan lọ sẹ́yìn, kó má ṣe rò pé wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àjẹ̀ wọn gùn láti sẹ̀ǹtímítà 105 dé 130, pẹlẹbẹ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Ẹni tó jókòó sápá òsì máa fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá rẹ̀ mú lókè pẹlẹbẹ, ọwọ́ ọ̀tún á sì gbá orí àjẹ̀ mú. Kò sí pé èèyàn ń ju àjẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bíi ti ọkọ̀ apẹja. Ẹ̀gbẹ́ tí o bá jókòó sí lo máa tù títí eré á fi parí.

Bí wọ́n ṣe ń fa omi nìyí. Atukọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan nínú ọkọ̀, ó fi ìbàdí kan etí ọkọ̀. Ó wá yí ara: èjìká tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi lọ síwájú, àyà rẹ̀ kọjú sí ẹni tí wọ́n jọ jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sódò. Apá ìsàlẹ̀ nà tán. Ó ri pẹlẹbẹ àjẹ̀ sómi títí tí kò fi hàn mọ́ kó tó fà á rárá. Ibi tí ẹni tuntun ti máa ń ṣìnà nìyí. Á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà nígbà tí ìlàjì àjẹ̀ ṣì wà nínú afẹ́fẹ́, omi á ta sókè, ọkọ̀ kò ní lọ. Lẹ́yìn tó bá ti rì í, ó ń tú ìyí ara rẹ̀ padà, ẹsẹ̀ ń ti ọkọ̀, ọwọ́ òkè ń tẹ àjẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí pẹlẹbẹ bá dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ó yọ ọ́. Ẹni tó bá fà á kọjá ibẹ̀, omi ló ń gbé sókè, ìdí ọkọ̀ ló sì ń rì mọ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé n kò tí ì sọ pé kó fi apá fà á. Apá dà bí okùn tó so àjẹ̀ mọ́ ara. Ẹ̀yìn, ikùn àti itan ló ni agbára. Ẹni tó bá ń ká ìgbọ̀nwọ́ fà, kò ní tíì tu ìṣẹ́jú méjì tí apá rẹ̀ á fi daku. Fún obìnrin tí iṣẹ́ abẹ ti dín agbára apá rẹ̀ kù, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Ọ̀nà tó tọ́ láti tù ú náà ló máa ń dá apá rẹ̀ sí, tó tún ń mú kí àwọn iṣan ńlá ẹ̀yìn àti àyà, tó wà nítòsí ọ̀nà omi yẹn, máa fún kí wọ́n sì máa tú. Tí wọ́n bá ń fa àjẹ̀ ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ìdíje 500 mítà tó bá gba ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìgbà 175 tí ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́.

Ní ti ìlù, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé onílù ló ń pàṣẹ ìwọ̀n. Àwa tí a mọ ìlù, a ó ti máa sọ pé bí onílù bá ṣe lù ú la ó ṣe jó o. Nínú ọkọ̀ yìí, òdì kejì ni. Àwọn méjì tó jókòó síwájú jù ló ń gbé ìwọ̀n kalẹ̀, ojú àjẹ̀ wọn ni onílù ń wò kó tó lù, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ ohun tí wọn kò lè rí dáadáa. Onílù tó bá ń lu tirẹ̀ lọ́tọ̀ máa da ọkọ̀ rú. Ìwọ̀n tún lè bà jẹ́ lọ́nà mìíràn: bí kálukú bá ń wo ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ nìkan, ìdádúró kékeré á máa ti orí ìjókòó kan bọ́ sí èkejì, nígbà tó bá fi máa dé ẹ̀yìn, àjẹ̀ á máa wọlé tẹ̀lé ara wọn bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí kálukú máa gba àárín ọkọ̀ wo ọwọ́ àwọn ará iwájú pátápátá.

Níbi tí ìdíje ti ń bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ dúró gbári. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n sáré fa àjẹ̀ lójú ẹsẹ̀. 1,680 kílò kì í dédé fò dìde. Àjẹ̀ á kàn máa gé omi lásán. Fífà márùn-ún àkọ́kọ́ tàbí mẹ́fà gbọ́dọ̀ gùn, kó jinlẹ̀, kó má yá. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ọwọ́ á wá máa yá sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìwọ̀n tí wọ́n lè gbé dé òpin.

Àwọn obìnrin 24 yẹn kò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ o. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú nínà ara, eré ìmárale àti gbígbé ìwọ̀n tó ń pọ̀ sí i ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń ṣàyẹ̀wò apá wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tó jọ tiwọn ṣì ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Téèpù ni wọ́n fi ń wọn àyíká apá méjèèjì, ojú kan náà nígbà gbogbo, kí wọ́n lè fi èyí wé ìyẹn. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ti wú tẹ́lẹ̀ a máa wọ aṣọ apá tó fún mọ́ra nígbà tó bá ń tukọ̀. Bí apá bá wúwo lẹ́yìn ìdánrawò tí kò sì padà bọ̀ sípò ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ti yára pọ̀ jù nìyẹn. Wọ́n á dín in kù, wọn kò ní pa á tì. Ohun kékeré tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ju àjẹ̀ gan-an lọ ni àtẹ́lẹwọ́ tó bó. Apá tí omi rẹ̀ kò já gaara kì í bá kòkòrò àrùn jà dáadáa, nítorí náà ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge.

Omi False Creek tutù. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, wọ́n á ka ara wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, kálukú á kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n jọ jókòó, lẹ́yìn náà wọ́n á di ọkọ̀ mú, wọ́n á tún kà á. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ lọ sí etí odò, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Bí ọkọ̀ bá ń fì tí kò tí ì dojú dé, olùtọ́kọ̀ á pàṣẹ kí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ àjẹ̀ sórí omi kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun nìkan ló ń wo iwájú ju àwọn yòókù lọ. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni olùtọ́kọ̀ ti ń wò ó, torí ọkọ̀ tó gùn báyìí kì í yára yí.

Ní oṣù Kẹfà 1996, àwọn obìnrin náà bá àwọn ikọ̀ yòókù díje ní àjọ̀dún ìlú náà, nínú aṣọ àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó wá di àmì wọn. Èrò wọn ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo ni. Nígbà tí wọ́n yẹ apá wọn wò, kò sí ẹni tuntun tí apá rẹ̀ wú, èyí tó sì ti wú tẹ́lẹ̀ kò burú sí i. Wọn kò tú ká. McKenzie kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Kánádà ní 1998.

Ká sọ òtítọ́: èèyàn 24 kéré, kò sì sí àwọn mìíràn tí wọ́n fi wọ́n wé. Ẹ̀rí tó ṣí ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe èyí tó parí ẹjọ́. Ẹjọ́ náà ń bá a lọ. Ní 2000, àwọn olùṣèwádìí kan wọn apá obìnrin 20 tó ń tu ọkọ̀ dírágónì, wọn kò rí ìyípadà tó ṣe gbòógì. Ní 2003, McKenzie àti ẹnì kejì rẹ̀ mú obìnrin 14 tí apá wọn ti wú, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 8 dán eré ìmárale apá wò, apá wọn kò wú sí i. Ní 2009 ni èyí tó tóbi jù dé láti Amẹ́ríkà: obìnrin 141 tí apá wọn ti wú, tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó gbé ìwọ̀n fún ọdún kan ní agbára sí i, apá wọn kò sì wú ju ti àwọn tí kò gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí, ìmọ̀ràn “má fi apá ṣiṣẹ́” bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sí “fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀”.

Ẹgbẹ́ náà pọ̀ sí i ní Vancouver, àwọn mìíràn sì dìde níbòmíràn. Ní 2005, Vancouver ló gba àpéjọ àgbáyé wọn lálejò. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Caloundra ní Ọsirélíà ní 2007, sí Peterborough ní Kánádà ní 2010, ọdún tí àjọ àgbáyé tiwọn, IBCPC, dá sílẹ̀. Sarasota ní Amẹ́ríkà gbà á ní 2014, Florence ní Ítálì ní 2018, New Zealand ní 2023. Ikọ̀ tó ju 100 lọ ló wá sí Florence.

Lẹ́yìn ìdíje tó kẹ́yìn ní irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọkọ̀ kì í padà sí èbúté lójú ẹsẹ̀. Olùtọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti dúró. Àwọn atukọ̀ á kó àjẹ̀ wọn sínú ọkọ̀ kí ó má baà há sáàárín, wọ́n á na ọwọ́ di etí ọkọ̀ kejì mú, títí gbogbo wọn á fi di odindi ilẹ̀ kan lórí omi. Ìlù á dákẹ́. Kálukú ní òdòdó kan lọ́wọ́, àwọ̀ aṣọ wọn náà ni. Tí àṣẹ bá dé, wọ́n á gbé e sókè fún àwọn tí àìsàn náà ti mú lọ, wọ́n á sì jù ú sómi. Wọ́n á dúró díẹ̀ kí òdòdó lè ṣí lọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn náà ọkọ̀ tó wà létí òde á kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ara rẹ̀, èyí tó kàn án á tẹ̀ lé e.